Ìwé Ọkọ̀ Tí Mo Sọ Di Ìwé Oko

Nínú gbogbo Ọ̀yọ́, kò sẹ́ni tó mọ òkun tó mi. Mi ò tíì rí òkun rí o. Omi tó tóbi jù tí mo ti wọ̀ ni àgbàrá Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, bàtà mi kan sì bá a lọ.

Poli ni mo ti já kúrò. Wọn ò lé mi; àwa méjèèjì la sú ara wa. Ni màámi bá fà mí lọ bá Bàbá Àtukọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, wọ́n ní kí n lọ máa bá wọn tọ́jú ìwé ọkọ̀. Mo rò pé ti mọ́tò ni, èyí tí ọlọ́pàá máa ń bèèrè lójú títì. Àṣé ọkọ̀ ojú omi ni, tí bàbá fi gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ wọn ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni ọ̀gá ọkọ̀ ń kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tí wọ́n dé, bí atẹ́gùn ṣe fẹ́, ẹni tó ṣàìsàn. Yàrá kan kún fọ́fọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n nu eruku, kí n sì lé ikán.

Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Wọ́n fẹ́ kí láíbìrì ilé ìwé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ gba àwọn ìwé náà kí wọ́n tó kú, torí àwọn ọmọ wọn ti ń wò ó bíi pépà tí wọ́n fi ń wé àkàrà.

"Kọ lẹ́tà sí wọn," bàbá ní. "Fi àmì sórí ọ̀rọ̀ o."

"Bàbá, ta ló ń fi àmì sí nǹkan lórí fóònù? Á yé wọn."

Ó yé wọn. Alhaja tó ń bójú tó láíbìrì dé, àwọn àti tíṣà ágíríìkì kan.

Tíṣà ṣí ìwé àkọ́kọ́. "Iṣu dà?"

"Iṣu wo?" bàbá bi í.

Alhaja na fóònù wọn sí mi. Ohun tí mo kọ ló wà níbẹ̀ gàdàgbà: *Iwe oko to ju ogorun lo*. "Oko la kà," wọ́n ní. "Ibi tí wọ́n ti ń kọ ebè."

Tíṣà ti ń wá kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Bàbá kàn ń fọwọ́ pa ẹ̀yìn ìwé kan bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Mo wo ilẹ̀ bóyá á lanu gbé mi mì. Kò lanu. Ni mo bá sáré fa ìwé tí bàbá fọwọ́ ara wọn kọ lórí omi yọ, mo gbé e fún Alhaja. Wọ́n kà á sókè:

"Ìgbì ga ju ilé alájà lọ. Mo bì. Kúùkù náà bì. Mo ṣèlérí fún Ọlọ́run pé tí mo bá délé, mi ò ní kúrò ní Ọ̀yọ́ mọ́."

Wọ́n ṣí ojú ìwé kejì. "Òkun ti rọlẹ̀. Mo ti gbàgbé ìlérí."

Alhaja rẹ́rìn-ín, wọ́n jókòó. Wọ́n pe ìrun alásárì ní mọ́sáláṣí, Alhaja ò tíì dìde. Nígbà tí wọ́n máa dìde, wọ́n ní, "A máa wá kó gbogbo ẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ sáà tún lẹ́tà yẹn kọ."

Bí wọ́n ṣe lọ tán, mo gbáyà síwájú. "Bàbá, ká sòótọ́. Ká ní mo fi àmì sí i, ṣé wọ́n á tiẹ̀ wá?"

Bàbá ti fóònù mi sí mi lọ́wọ́.

"Fi àmì sí i."