Kúbùsù Lutgart

Kì í ṣe nítorí àmì ẹ̀yẹ ni Lutgart Vanhoecke ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ẹyẹlé ló sọ ọ́ di eléré ìje. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méjìlá, aago kan ṣoṣo ni ẹgbẹ́ àwọn ọlọ́sìn ẹyẹlé abúlé wọn ní, létí odò Leie, ilé ọtí sì ni wọ́n gbé e sí. Bí ẹyẹlé bá ti ilẹ̀ Faransé fò dé orí òrùlé olówó rẹ̀, wọ́n á bọ́ òrùka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹnìkan á sì sáré gbé e lọ sídìí aago kí wọ́n lè kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹyẹlé bá yára tí ẹni tó gbé òrùka ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, òfo ni. Bàbá Lutgart kò lọ́mọkùnrin, òun fúnra rẹ̀ sì sanra débi pé àga ló ń bẹ̀ ẹ́. Lutgart ló wá ń sáré. Firmin Deschuyttere, ọmọ ilé kejì, tó máa ń rí i bó ṣe ń kọjá bí ìjì, sọ fáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé òun ò mọ̀ bóyá ọmọbìnrin náà lòun fẹ́ àbí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó tó àsìkò, ó fẹ́ méjèèjì.

Ọdún kẹrìnlá ìgbéyàwó wọn nìyí. Láàárín ọ̀sẹ̀, Lutgart ń hun aṣọ ọ̀gbọ̀ nílé iṣẹ́. Ní Ọjọ́ Àìkú ìgbà òtútù, ó ń sá kìlómítà mẹ́rin nínú ẹrẹ̀, èyí tí àwọn àgbà ẹgbẹ́, tí wọn ò lè sáré dé ẹnu ọ̀nà ara wọn, ti pinnu pé ó tó obìnrin. Firmin ló ń kọ́ ọ. Bó bá parí eré, Firmin á ti dúró pẹ̀lú kúbùsù aláwọ̀ ilẹ̀, á sì fi wé e látọrùn dé orúnkún. Àwọn àmì ẹ̀yẹ Lutgart wà nínú agolo bisikíìtì, ẹni tó bá fẹ́ kó mú. Kúbùsù yẹn ni kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn.

Àfìgbà tí Roosmarijn dé. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, láti abúlé kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn bí ẹni pé wọ́n wọn ọ́n fún ẹlòmíràn. Ní oṣù kọkànlá, Firmin ní òun á máa kọ́ ọmọ náà pẹ̀lú. Ó mú un wá sílé.

"Ṣúgà mélòó, Roosmarijn?"

"Méjì, ọ̀gá."

Láti ọdún mẹ́rìnlá, ẹyọ kan ni Firmin ń fi sí ti Lutgart, kò sì bi í rí.

"Kọfí yìí dùn o, Màmá Lutgart."

"Ta ni màmá ẹ?"

"Ẹ má bínú. Ẹ̀gbọ́n."

"Ìyẹn ò tíì dáa tó."

Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ sáré, kí ìbọn tó dún, Firmin wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó tú kúbùsù, ó sì fi wé Roosmarijn. Ó fọwọ́ ra á léjìká, ó sì sọ̀rọ̀ sí i létí. Lutgart dúró nínú òjò pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Nígbà tí ìbọn dún, ó sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Ó borí. Ó tó ọdún mẹ́ta tó ti borí kẹ́yìn. Wọ́n wá fi kúbùsù náà wé e, ó ti gbóná láti ara ẹlòmíràn, ó sì ń ta òórùn ọṣẹ òdòdó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sẹ̀ kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sẹ̀ kẹta.

"Firmin, kí ló dé tí kúbùsù mi fi ń kọ́kọ́ gba ejìká ẹlòmíràn kọjá?"

"Òtútù ń mú ọmọ náà."

"Èmi ńkọ́? Ṣé iná ni mò ń yá?"

"Ìwọ? Ṣebí o ń borí," ni Firmin wí, ó sì ń súfèé lọ sílé ẹyẹlé rẹ̀.

Nílé iṣẹ́, àwọn obìnrin ń wò ó.

"Lutgart, o ti rù o."

"Eré ni."

"Èwo nínú eré? Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà."

"Eléré náà kì í ní."

"Ìyẹn ni pé o jẹ́ méjèèjì pọ̀."

Lutgart kọjú sí òfì rẹ̀. Òru kì í ṣe tirẹ̀ mọ́. Ó ń ka ṣúgà. Ó ń ka iye ìgbà tí Firmin pe orúkọ Roosmarijn nídìí oúnjẹ: mọ́kànlá, nígbà tí ti ara rẹ̀ jẹ́ méjì, ọ̀kan nínú méjì náà sì jẹ́ pé kó gbé iyọ̀ wá. Nígbà tó di àárọ̀ àṣekágbá ìpínlẹ̀ ní oṣù kejì, ó ti di ẹrù rẹ̀ sínú àpò kan sábẹ́ ibùsùn. Bí Firmin bá tún fi kúbùsù yẹn wé ọmọ náà lónìí, yóò lọ bá àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Tielt, kí Firmin máa fi kúbùsù rẹ̀ wé ẹyẹlé.

Firmin wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó fi kúbùsù wé Roosmarijn, ó sì yí ọmọ náà padà kó kọjú sí Lutgart dáadáa.

Yíyí yẹn ló há sí Lutgart lórí. Ní yípo kejì, Roosmarijn wà níwájú, ẹrẹ̀ dé orúnkún, Lutgart sì rántí ibi tó ti rí irú yíyí yẹn rí. Ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá fẹ́ kó ẹyẹlé sínú apẹ̀rẹ̀ fún ìje, Firmin á jẹ́ kí akọ ẹyẹlé rí abo rẹ̀. Á wá mú akọ mìíràn, á gbé e ti abo náà, á yí i kí akọ àkọ́kọ́ lè rí i dáadáa, á sì wo aago: ìṣẹ́jú márùn-ún. Apẹ̀rẹ̀ ló kàn. Lọ́jọ́ kejì, akọ yẹn á fò ju irinwó kìlómítà lọ láìwo odò tó lè mu. "Owú lepo ẹyẹlé," ni Firmin máa ń wí.

"Akọ ẹyẹlé ni mí!" ni Lutgart kígbe.

"Kí lẹ wí?" ni obìnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ béèrè.

Ó fẹ́ dúró kí ìtìjú pa Firmin. Ṣùgbọ́n bó bá dúró, Roosmarijn ni yóò borí. Inú bí i débi tó fi kọjá Roosmarijn láìmọ̀. Ó kọ́kọ́ dé òpin. Firmin na kúbùsù sílẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mú adìẹ. Lutgart gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò dúró.

"Lutgart! O ti dé òpin!"

"Ẹyẹlé kì í dúró lọ́nà, ilé ló ń lọ!"

Àwọn èrò bú sẹ́rìn-ín. Roosmarijn, tó ṣe ẹnìkejì, wo kúbùsù náà ó sì yínmú. "Ẹ má fi wé mi mọ́ o, ọ̀gá. Láti oṣù kọkànlá ni ìyẹ́ ẹyẹlé inú rẹ̀ ti ń yún mi lára."

Kìlómítà mẹ́ta ni sílé. Lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì tó kọjú sí ilé wọn, Odilon oníbúrẹ́dì, opó ọkùnrin tó tún ń sin ẹyẹlé, ń ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

"Ìyàwó Firmin, ta ló ń lé ẹ?"

"Kò sẹ́ni. Bàbá Odilon, ẹ ní kóòtù?"

"Mo ní."

"Ẹ bọ́ ọ fún mi, kí ẹ wá mu kọfí. Ẹ mú nǹkan dídùn dání."

Àga Firmin ni Lutgart fà fún un. Ṣúgà méjì.

Bí ìje bá parí, Firmin máa ń gba ilé ọtí kọjá, wákàtí méjì ló sì máa ń gbà á. Lọ́jọ́ náà, ìròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé búrẹ́dì bá a lójú ọ̀nà. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí Odilon jókòó, kẹ̀kẹ́ wó lulẹ̀ níta. Firmin wọlé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kúbùsù lọ́rùn, ìbọ̀sẹ̀ kan ti ya.

"Kí ni Odilon ń ṣe lórí àga mi?"

"Òtútù ń mú un."

"Kóòtù ta ló wà lára ẹ?"

Lutgart wo aago ara ògiri. "Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá. O ò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ."

Ojú Firmin pọ́n bí ìyeyè. Òye ti yé e. "Ta ló sọ fún ẹ?"

"Ìwọ fúnra ẹ. Bó o ṣe ń wo aago."

Odilon, tí òye ti yé òun náà, sáré gé ègé àkàrà dídùn kejì kí wọ́n tó lé e.

Firmin gbé kúbùsù kúrò lọ́rùn. Lẹ́yìn náà ló bọ́ kóòtù Odilon lára ìyàwó rẹ̀, ó sì fi kúbùsù wé e látọrùn dé orúnkún. Ó tutù, ó sì ń ta òórùn ẹyẹlé. Lálẹ́, Lutgart tú ẹrù abẹ́ ibùsùn.

Ó sáré fún ọdún mẹ́sàn-án sí i, kódà nígbà tí àwọn àgbà gbà pé obìnrin lè sá ọ̀nà tó jìn ju ti ẹrẹ̀ lọ láìkú, ó sá ìyẹn náà. Kúbùsù náà kò kan ejìká ẹlòmíràn mọ́. Bí Firmin bá sì pẹ́ nílé ọtí ju bó ti yẹ lọ, Lutgart kì í bá a jà. Á kàn ṣí fèrèsé, á sì béèrè lọ́wọ́ Odilon, lóhùn tí gbogbo àdúgbò lè gbọ́, bóyá òtútù kò mú un.