Ògiri Tí Kò Dé Òrùlé

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, mọ́kàndínlógún nínú ọgọ́rùn-ún wóró àgbàdo irúgbìn ló ti luhò. Ọkùnrin tó kà wọ́n kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lórí tábìlì, torí pé iye náà kò wù ú. Iye náà kò yí padà.

Òun ni olùtọ́jú ilé irúgbìn ẹgbẹ́ àgbẹ̀. Ọdún méjìlélógún ló ti lò nídìí iṣẹ́ náà. Elétí ni gbogbo ayé ń pè é, torí pé á gbé etí lé àpò, á di èémí mú, á sì sọ fún ọ bóyá kòkòrò ń jẹun níbẹ̀. Kì í ṣe idán. Ọmọ kòkòrò máa ń ha inú wóró bó ṣe ń jẹ ẹ́, ẹni tó bá ní sùúrù á gbọ́ ọ.

Àgbẹ̀ mọ́kànlélógójì ló ń retí irúgbìn yẹn, òjò kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ mọ́. "Tí kò bá hù," ni alága ẹgbẹ́ wí, "wàá kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀." Kọ́kọ́rọ́ àti ilé ni, torí pé yàrá ẹ̀yìn sítọ̀ ni Elétí àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ibẹ̀ ni ìyàwó náà, aránṣọ tí wọ́n ń pè ní Ìyá Alábẹ́rẹ́, gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí. Òrùlé kan ló bo yàrá àti sítọ̀. Ògiri tó là wọ́n láàárín kò dé òkè. Àlàfo tí apá èèyàn lè gbà kọjá ló wà láàárín rẹ̀ àti páànù. Lẹ́tà mẹ́ta ni Elétí ti kọ sí alága nípa rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́sàn-án.

Alága fúnra rẹ̀ ló gbé kòkòrò wọlé: àpò àgbàdo mẹ́fà láti oko rẹ̀, ní oṣù kejìlá, tí kò gbẹ. Elétí gé wóró kan jẹ. Eyín rẹ̀ wọ̀ ọ́ láìdún.

"Ẹ jẹ́ ká sá a sóòrùn lọ́jọ́ mẹ́ta, sà."

"Àgbàdo tèmi lo fẹ́ máa sá bí aṣọ ọmọ ìkókó? Gbé e lé ìyókù lórí jàre."

Ó gbé e lé e lórí.

Abo kòkòrò yìí kò tó wóró ìrẹsì. Á fi ẹnu ṣóńṣó gbẹ́ ihò sára àgbàdo, á yé ẹyin kan sí i, á sì fi oje ara rẹ̀ lẹ ojú ihò náà pa. Ojú èèyàn kò ní rí nǹkan kan mọ́. Ọmọ tó bá pa níbẹ̀ á jẹ inú wóró, á jẹ ọlẹ̀ tó yẹ kó hù mọ́ ọn. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, á luhò jáde, òun náà á bẹ̀rẹ̀ ìdílé tirẹ̀. Ìyá kan lè yé ọ̀ọ́dúnrún ẹyin. Ihò tí a ń rí kì í ṣe ibi tó gbà wọlé. Ibi tó gbà jáde ni. Ẹni tó bá ti rí ihò ti pẹ́ dé.

Alága fi oògùn ránṣẹ́: hóró roboto nínú ọ̀rá dúdú, kò sí páálí, kò sí ìwé. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ló gbé e wá.

"Ẹni tó tà á ní kẹ́ ẹ fi sáàárín àpò, kẹ́ ẹ tilẹ̀kùn lọ́jọ́ márùn-ún. Ó ní afẹ́fẹ́ ẹ̀ ló ń pa wọ́n."

"Ògiri ńkọ́?"

Akọ̀wé pe alága lórí fóònù. Ẹ̀rín alága dé etí àwọn méjèèjì. "Bá mi bi í, ṣé kòkòrò máa gun ògiri lọ sùn ti ìyàwó ẹ̀ ni?"

Elétí kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí ìyàwó rẹ̀ lọ sílé àbúrò rẹ̀.

"Torí kòkòrò lo ṣe ń lé mi, olówó orí mi?"

"Ọjọ́ márùn-ún péré."

"Aṣọ ilé-ìwé méjìlá ló wà nílẹ̀. Tó o bá fẹ́ ìyàwó míì kí n tó dé, kìlọ̀ fún un o, ẹ̀rọ yẹn máa ń já òwú."

Ó rẹ́rìn-ín títí dé títì. Elétí fi oògùn náà sáàárín àwọn àpò, ó sì tilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ kẹta, òjò rọ̀, kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pe Elétí. Ó ṣí sítọ̀, ó fi aṣọ bo imú, ó gbé etí lé àpò kan, ó gbé e lé òmíràn. Gbogbo rẹ̀ pa lọ́lọ́. Ó tilẹ̀kùn padà. Orí ń fọ́ ọ. Ó ní ebi ni. Fóònù dún. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Ṣé wọ́n ti kú?"

"Wọ́n ti kú. Mi ò gbọ́ nǹkan kan."

"Ṣé kí n máa bọ̀?"

"Máa bọ̀."

Ó lọ ròyìn fún alága. Alága fi í sórí bẹ́ǹṣì títí di ọ̀sán. Ìyá Alábẹ́rẹ́ dé, ó ti fèrèsé nítorí òjò, ó jókòó ti ẹ̀rọ rẹ̀. Ọ̀rinrin ló ń jí oògùn náà. Kòkòrò kò gun ògiri. Afẹ́fẹ́ gùn ún.

Ní aago mẹ́rin, Elétí bá a nílẹ̀ nínú èébì. "Àyà ń há mi," ló sọ. Ní ilé ìwòsàn, dókítà béèrè orúkọ oògùn náà. Elétí na ọ̀rá dúdú sí i. Kò sí nǹkan kan lára rẹ̀. Nígbà tí akọ̀wé rí orúkọ náà gbà lẹ́nu ẹni tó tà á, dókítà jókòó. Ó ní kò sí ohun tó ń pa oró rẹ̀. Ìyá Alábẹ́rẹ́ kú nígbà tí aago méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sọ fún Elétí. Etí rẹ̀ sọ mẹ́ta, etí rẹ̀ ló gbà gbọ́. Ó mọ̀ pé ẹyin kì í pariwo. Ó mọ̀ pé afẹ́fẹ́ kì í pariwo. Kò sẹ́ ẹ. "Èmi ni mo ní kó máa bọ̀," ló ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí i.

Alága náà wá. Ó ní àmúwá Ọlọ́run ni.

"Lẹ́tà mẹ́ta yẹn, sà, ṣé ẹ kà wọ́n?"

Alága wo aago ọwọ́ rẹ̀.

Èyí tó pọ̀ jù nínú irúgbìn náà hù. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún alága nípàdé. Elétí fọwọ́ ara rẹ̀ kó kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó sì kó lọ sílé àbúrò ìyàwó rẹ̀. Nínú aṣọ méjìlá, ọ̀kan ti parí. Èkejì ní apá kan ṣoṣo. Ìyẹn nìkan ló mú dání. Bí fóònù bá dún, kì í gbé e. Ẹlòmíràn ti gba sítọ̀, ó sì kó ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta wá sí yàrá ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò tíì mọ ògiri náà kan páànù.

Ìwọ tó ń kà á: bí irúgbìn tàbí oúnjẹ tí wọ́n fi oògùn sí bá wà lábẹ́ òrùlé tí ẹnikẹ́ni ń sùn sí, pa ìwé yìí dé. Dìde. Kó ènìyàn jáde ná. Àgbàdo lè dúró.