Ọkọ̀ Tó Dúró Lẹ́nu Ọjà Igbó

Òórùn bíréèkì tó gbóná ni mo kọ́kọ́ fi mọ ọkùnrin náà. Ó wa ọkọ̀ funfun kékeré kan wọ inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ọ̀yọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lápá ìparí àwọn ọdún 1980, òórùn náà sì gba ojú fèrèsé wọ kíláàsì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì. Àwọn ọmọ dìde lórí ìjókòó. Èmi náà yọjú. Ọkùnrin kúkúrú kan ló bọ́ sílẹ̀, ó ń tiro díẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú kí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa títí orí rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Ará Jàpáàn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi ọkọ̀ sáré ìje.

Ẹni tó mú un wá ni olówó kan tó ń ta ọkọ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Alága nítorí pé kò sí ẹgbẹ́ tí kì í ṣe alága rẹ̀. Ó ní ṣọ́ọ̀bù ọkọ̀ ní Ọ̀yọ́, ó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ṣí òmíràn sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ kí ayé gbọ́. Ló bá ṣètò ìje ọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, tí yóò yà gba àárín oko Ìrẹsà, tí yóò sì parí síwájú ṣọ́ọ̀bù tuntun náà, lẹ́yìn Ọjà Igbó. Ará Jàpáàn yìí ni wọ́n máa fi pe èrò. Wọ́n wá ń wá ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó sì mọ ọ̀nà, tí yóò jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí yóò máa sọ ohun tó wà níwájú fún un. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ wa ló dárúkọ mi. Awakọ̀ lọ́rì ni bàbá mi, iṣu ni wọ́n ń kó láti Ìrẹsà lọ sí Ọjà Igbó, ẹ̀gbẹ́ wọn nínú lọ́rì ni mo sì dàgbà sí. Mo mọ kọ́ọ̀nà ọ̀nà yẹn bí mo ṣe mọ yàrá ìyá mi.

Ẹ ò bá rí mi nígbà yẹn. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, mo lè ya máàpù Áfíríkà láìwo ìwé, mo sì gbà pé ìyẹn ni ọgbọ́n. Lọ́jọ́ tí wọ́n fún mi ní akoto ìje, mo dé e wọ bọ́ọ̀sì láti Ọ̀yọ́ títí dé ilé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, nínú oòrùn, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí mọ̀. Ìyá mi wò mí láti òkè délẹ̀. "Ṣé igbá lo dà borí ni?" ni wọ́n bi mí. Àáfà tó kọ́ mi ní kéwú nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ilé wọn kò jìnnà sí tiwa, rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ṣé ìwọ lo máa sọ fún Jàpáàn pé kó yà sọ́tùn-ún? Ìwọ tí o kì í mọ ọwọ́ ọ̀tún tí mo bá ní kí o fi mú wàláà?" Wọ́n ní lọ́jọ́ ìje, àwọn máa jáde wá wò mí.

Ọ̀gá Jàpáàn, bí mo ṣe ń pè é nìyẹn, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí a kọ́kọ́ jọ gba ọ̀nà Ìrẹsà, mo ń ṣàlàyé irú òkúta tó wà nílẹ̀ ibẹ̀ fún un àti bí òjò ṣe ń rọ̀ sí. Ó gbọ́ díẹ̀, ó ní, "Olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kí ló wà níwájú?" Látọjọ́ náà ni mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ ṣókí: kòtò, lọ́tùn-ún, afárá tóóró, òkè, má dẹwọ́.

Ìgbà tí táyà wa jò lóko ló tó sọ ìtàn ara rẹ̀ fún mi. Àgbẹ̀ kan fún wa níṣu sísun, ó ń jẹ ẹ́, ó ń sọ ọ́. Alùpùpù ló fi bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ lábúlé wọn, nígbà tí kò tíì hu irùngbọ̀n. Ó gba ife-ẹ̀yẹ, ó tún gba òmíràn, títí alùpùpù fi ṣubú lé e, tí egungun ìbàdí rẹ̀ fi yẹ̀. Àwọn dókítà ní kó lọ jókòó jẹ́ẹ́. Ó ní òun gbọ́, ló bá lọ jókòó sínú ọkọ̀. Ọkọ̀ ìje tí kò gbà ju ènìyàn kan lọ ni, kò lórùlé, táyà rẹ̀ yọ síta, títì kan náà ni wọ́n sì máa ń fi í yí po láìlọ síbì kankan. Mo bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ máa sáré látàárọ̀, ẹ ò sì ní kúrò níbi tí ẹ wà?" Òun náà rẹ́rìn-ín, ó ní ohun tí ìyá òun máa ń béèrè gan-an nìyẹn. Ó ní òun fẹ́ràn ìje náà ju gbogbo ẹ̀ lọ, títí di ìgbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń sáré níwájú rẹ̀ forí sọ ògiri, tí ọkọ̀ náà gbiná. Lẹ́yìn ìyẹn ló yà sí ìje ọ̀nà jíjìn: aṣálẹ̀, igbó, òkè oníyìnyín, ibikíbi tí kò bá ti sí ògiri. Ó ní ohun tó dáa nínú èyí ni pé ènìyàn máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni.

Nígbà tí ìje kù sí dẹ̀dẹ̀, Alága pè wá sí pálọ̀ rẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ ló mú, kí èrò lè pọ̀ lójú títì. Ọ̀gá Jàpáàn bi í, mo sì ń túmọ̀, pé ta ni yóò dí ọ̀nà lọ́jà.

"Sọ fún un pé a ti ṣètò gbogbo ẹ̀," Alága wí. "A máa ta okùn, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa dúró lọ́tùn-ún lósì."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá Jàpáàn tún béèrè. Alága yí ojú sí mi. "Ṣé ẹ̀rù ń ba Jàpáàn yín ni?"

Mi ò túmọ̀ ìyẹn. Ọ̀gá Jàpáàn kò yéé béèrè, Alága wá fi Ọlọ́run búra pé ọ̀nà máa dá, mo sì túmọ̀ ìbúra náà kínníkínní. Ẹnu mi ni irọ́ yẹn gbà kọjá. Ó wá ọmọ tó kàwé, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó dán, láti bá a gbé irọ́ rẹ̀ délé.

Lọ́jọ́ ìje, àwa la kọ́kọ́ gbéra ní Ọ̀yọ́. Ọmọ Alága, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé, ló tẹ̀ lé wa nínú ọkọ̀ tirẹ̀, kí àwọn awakọ̀ tó kù tó gbéra. Mi ò ní purọ́, ọ̀nà Ìrẹsà dùn lọ́jọ́ náà. Mo ń pè, ó ń wà. Kí n tó ní "kòtò" tán, kòtò ti kọjá. Àwọn àgbẹ̀ dúró lórí ebè, wọ́n ń ju fìlà sókè. Mo ń pariwo, mo ń rẹ́rìn-ín, mo ti gbàgbé pé olùkọ́ ni mí.

Nígbà tí a yọ sí Ọjà Igbó, mo wá okùn, mi ò rí okùn. Mo wá àwọn ọmọ ẹgbẹ́, mi ò rí ẹnì kankan. Èrò ni mo rí. Wọ́n ti kírun Jímọ̀ tán, wọ́n bo títì láti iwájú ṣọ́ọ̀bù dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọdé jókòó sórí ọ̀dà gan-an, wọ́n ń retí wa. Ọ̀gá Jàpáàn tẹ bíréèkì débi tí bẹ́líìtì fi gé mi léjìká. Ó dábùú ọkọ̀ sójú ọ̀nà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń tiro sáré padà sí ọ̀nà tí a gbà wá, ó ń ju ọwọ́ méjèèjì sókè kí àwọn tó kù lè dúró. Ibi tí ìje máa parí sí wà níwájú wa níbẹ̀, mo ń wò ó. Bó bá tẹ fèrè, kó sì máa wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ, òun ni ì bá gba ife-ẹ̀yẹ. Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í hó lé e lórí. "Ojo! Ojo Jàpáàn!"

Ọmọ Alága yọ látinú eruku. Ó rí wa. Mo rí ojú rẹ̀, mo mọ̀ pé ó rí wa. Dípò kó dúró, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, níbi tí àwọn òǹwòran dúró sí, kó lè gba ibẹ̀ yọ síwájú wa. Àáfà wà níbẹ̀. Wọ́n jáde wá wò mí bí wọ́n ṣe sọ, pẹ̀lú agbádá funfun Jímọ̀ lọ́rùn. Wọ́n ń juwọ́ sí mi. Wọn ò rí ọkọ̀ náà.

Mi ò ní sọ èyí tó kù. Wọ́n dákẹ́ kí a tó gbé wọn dé ọsibítù.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń bí mi nínú ju gbogbo ẹ̀ lọ. Ọmọ Alága tilẹ̀kùn mọ́ra nínú ọkọ̀, ó ń sunkún. Alága dé, ó wo ọkọ̀ ọmọ rẹ̀, ó wo èrò, ó sì ti mọ ohun tó máa sọ kó tó bọ́ sílẹ̀. "Òyìnbó yìí ló dí ọ̀nà! Ibo lẹ fẹ́ kí ọmọ mi gbà?" Kíá lọ̀rọ̀ yẹn ràn. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí í bà lára ọkọ̀ wa. Àwọn tó pè é ní ojo lẹ́ẹ̀kan tún ń pè é ní apànìyàn.

Àwọn àgbààgbà jókòó lé ọ̀rọ̀ náà nílé Àáfà. Alága fa màlúù wá, ó sunkún níwájú wọn, ó mọ ẹkún sun, gbogbo wọn sì ń sọ pé kádàrá ni, Ọlọ́run ló mọ̀ ọ́n. Mo dìde.

"Ẹ má bínú, ẹ̀yin bàbá mi. Ọ̀gá Jàpáàn dúró. Inú ọkọ̀ ni mo wà. Ó dúró, ó bọ́ sílẹ̀, ó ń dá wọn dúró. Ọmọ Alága ló yà—"

"Ta ló ní kó sọ̀rọ̀?" Àwọn àgbà ni Alága bi, kò bi mí. "Ṣé obìnrin tó wọ ṣòkòtò, tó jókòó ti ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀, ló máa wá rojọ́ fún wa níbí?"

Mo wo bàbá mi. Alága ló ni lọ́rì tí wọ́n ń wà. Wọ́n wolẹ̀. "Jókòó, ọmọ mi," ni wọ́n wí. "Jẹ́ kó tán síbẹ̀."

Mo jókòó, kò sì tán síbẹ̀. Ó pẹ́ gan-an kí n tó lè kúnlẹ̀ kí bàbá mi kó dénú mi. Bí ẹ bá sì ti ń ṣàkíyèsí pé mi ò fi "wọ́n" pe Alága látòkè wá, mo mọ̀ pé àgbà ni. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Wọ́n ní kí Ọ̀gá Jàpáàn kúrò nílùú kíákíá. Mo bá a níwájú ilé tó wọ̀ sí ní Ọ̀yọ́, ó ń di ẹrù. Mo fi ìbínú bá a sọ̀rọ̀, mo ní kí ló dé tí kò wí nǹkan kan, kí ló dé tí kò jà. Ó dúró, ó wò mí.

"Olùkọ́," ó wí, "mo ti rí ikú lórí alùpùpù. Mo ti rí i lórí títì ìje. Mo ti rí i ní aṣálẹ̀. Gbogbo àwọn tó kú yẹn, àwọn fúnra wọn ló gbé akoto dérí. Bàbá yẹn, fìlà ló dé." Ó so ẹrù tó kù. "Mi ò ní sáré ìje mọ́."

Ó tẹ̀ síwájú kí mi bó ṣe kí ọ̀gá wa lọ́jọ́sí, ó sì lọ. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mẹkáníìkì tó bá a ṣiṣẹ́ sọ fún mi pé lóòótọ́ ni, pé kò fọwọ́ kan ọkọ̀ ìje mọ́. Eré tó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹrẹ̀ ní Jàpáàn, ẹnu Ọjà Igbó ló parí sí. Mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nílùú wọn mọ ìdí rẹ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Alága ti kú, wọ́n sin ín tìlù tìfọn, wọ́n sì yìn ín bíi wòlíì. Ọmọ rẹ̀ ti di ẹni ńlá. Tí a bá pàdé níbi ìnáwó, á ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà." Mi ò dáhùn rí. Láìpẹ́ yìí, mo wọ takisí kan lágbègbè Ọjà Igbó, awakọ̀ náà sì ń sọ fún àwọn èrò pé níbí ni Jàpáàn kan ti fọkọ̀ pa Àáfà láyé ìjọ́sí. Mo ní kó páàkì. Mo sọ bó ṣe rí fún wọn, ohùn mi sì ròkè ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. Ọmọbìnrin kan tó jókòó tì mí rọra fọwọ́ kàn mí. "Màmá, ó ti pẹ́. Ẹ jẹ́ kí inú yín rọ̀."

Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Àwọn ọmọ mi náà ń sọ ọ́, ìmáàmù wa ń sọ ọ́. Mo ti rò ó lọ rò ó bọ̀. Bàbá mi ti lọ, ìyá mi ti lọ, àwọn tó dúró lọ́jà lọ́jọ́ náà sì ń kú tán lọ. Bí inú tèmi náà bá wá rọ̀, ta ló kù tó máa sọ pé Ọ̀gá Jàpáàn dúró?