Ìtọ̀ Tó Ń Ta Mí, Ẹ̀sùn Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé èmi Marufat télọ̀ gbọ́n, ẹ ní kó kọ́kọ́ wá béèrè lọ́wọ́ ọkọ mi.

Ọdún tí ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Nàìjíríà ni. Iléyá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aṣọ tí mo fẹ́ rán fún àwọn oníbàárà sì kún ilé mi ní Ọ̀yọ́ dé àjà. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni mo ń jókòó ti máṣíìnì ọlọ́wọ́ mi. N kì í mumi, torí ẹni tó bá mumi yóò tọ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tọ̀ yóò dìde. Bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n mí, mà á fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, mà á máa ránṣọ lọ. Mo tilẹ̀ ń fi yangàn: “Ẹ wò mí, láti àárọ̀ n ò tíì dìde!”

Lọ́jọ́ kan mo wọ balùwẹ̀, ìtọ̀ ta mí bí ata. Kò ju ẹ̀kán mẹ́ta lọ. Mo jáde, ó tún gbọ̀n mí; mo pa dà, ẹ̀kán méjì. Ó rú bí omi ògì, ó ń rùn, ìsàlẹ̀ ikùn mi sì ń ro mí.

Ẹlòmíì á bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó ṣe. Èmi kò bi ara mi ní nǹkan kan. Ọkọ mi, Ọládépò, tó ń fi awọ ṣe àpò àti tìmùtìmù, ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ni, ó sì lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Kíá ni mo ti dájọ́: àtọ̀sí ló kó wálé.

“Bàbá Kúbúrátù, ọ̀dọ̀ ta lẹ sùn sí ní Ògbómọ̀ṣọ́?”

Ó gbé awọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ, Ràmọ́tà. Ṣebí ìwọ lo ní kí n sùn níbẹ̀.”

Òótọ́ ni, èmi ni mo ní bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ti bí mi kọjá òótọ́. Mo ké lọ bá ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Mọ̀ríámọ̀, mo ro ẹjọ́ ọkọ mi níwájú àwọn ìyàwó ilé mẹ́rin tó ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n pè é, wọ́n bá a wí. Ilẹ̀ nìkan ló ń wò.

Lọ́jọ́ kẹta, ibà dé. Òtútù ń mú mi nínú oòrùn, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀yìn mi lọ́tùn-ún ń ro mí bí ẹni pé wọ́n ń fi ọmọ odó gún un. N kò jẹ́ gba ìtọ́jú ní Ọ̀yọ́ kí àwọn oníbàárà má baà gbọ́. Mo wọ lọ́rì, ó di ọ̀dọ̀ Ràmọ́tà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ní kí dẹ́rẹ́bà dúró. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀keje, ó ní, “Ìyá, ṣé ẹ ń wọn ọ̀nà ni?”

Ràmọ́tà mú mi lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Dorcas, ọmọdé tí mo lè bí, gba ìtọ̀ mi sínú ìgò, ó ní kí wọ́n fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wò ó. Kó tó pa dà dé, mo ti ro ẹjọ́ Ọládépò fún gbogbo ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì.

“Màmá, kì í ṣe àtọ̀sí,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Kòkòrò àrùn ló wọ àpò ìtọ̀ yín, ó sì ti ń gòkè lọ sí kíndìnrín. Ìyẹn ló fa ibà àti ẹ̀yìn ríro. Ó dáa tí ẹ kò pẹ́ jù báyìí lọ.”

“Ta ló wá kó o ràn mí?”

“Kò sẹ́nì kankan. Ara ẹni náà ló sábà ń ti wá, ó sì ń yọ àwa obìnrin lẹ́nu jù. Ṣé ẹ máa ń mumi? Àbí ẹ máa ń di ìtọ̀ mọ́ra?”

Ràmọ́tà bá mi dáhùn: “Ó tún fi ń yangàn!”

“Máṣíìnì yín lẹ ò bá lọ bá jà, kẹ́ ẹ fi bàbá sílẹ̀,” ni nọ́ọ̀sì wí.

Gbogbo orí bẹ́ǹṣì bú sẹ́rìn-ín.

Wọ́n fún mi ní oògùn oníwóró tí mà á lò fún ọ̀sẹ̀ kan pẹ̀lú omi púpọ̀. Nọ́ọ̀sì kìlọ̀ pé bí ara tilẹ̀ yá, n kò gbọdọ̀ dá a dúró. Lọ́jọ́ kẹta ara yá, mo sì fẹ́ dá a dúró lóòótọ́. Ràmọ́tà jókòó tì mí bí ọlọ́pàá títí ó fi tán.

Nígbà tí mo délé, mo bá Ọládépò lórí ẹní, ó ti rù.

“Kí ló ṣe yín?”

“Àgbo àtọ̀sí ni mo ń mu. O fi ọwọ́ sọ̀yà tó bẹ́ẹ̀ tí èmi náà fi rò pé bóyá ó wà lára mi.”

Ẹni tí nǹkan kan kò ṣe, tí àgbo ti ń mú ṣu fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko nítorí ẹnu mi! Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí nọ́ọ̀sì wí fún un, mo bẹ̀ ẹ́; n kò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín tàbí kí n sunkún.

“Mo ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀,” ló wí. “Ṣùgbọ́n ibi tó o ti rò ó ni kó o ti lọ tú u.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró níwájú Mọ̀ríámọ̀ àti àwọn ìyàwó mẹ́rin náà, tí mo ń ṣàlàyé ìtọ̀ ara mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Àfi Títílọlá, ìyàwó tó kéré jù. Ó tẹ̀ lé mi síta, ó ní tòun náà ti ń ta òun láti ìjẹrin. Mo ní kó má dúró de ibà. Lọ́jọ́ kejì, ọkọ rẹ̀ fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ gba ìtọ́jú, wọn kò sì bá ara wọn jà rárá.