Ìjókòó Ẹ̀gbẹ́ Awakọ̀

Ìyá ìyàwó mi ló ní kí n lọ ra ọkọ̀. Kò pariwo, kò sì bẹ̀ mí. Ó jókòó sórí àpótí nínú àgbàlá wa ní Cissin, ó ń fi òróró pa ojú egbò tó wà lórúnkún ọmọ mi, ó sì sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nípa òjò.

"Kí iléèwé tó wọlé, bí o bá ti ní ohun tí ò ń fi gbé ọmọ yìí tí kò ní máa dà á nù sílẹ̀, màá fi í sílẹ̀ fún ọ. Bí o ò bá ní, èmi àti ẹ̀ la jọ ń lọ sí Kétu."

Ọmọ náà gbọ́. Ó wo ojú mi, ó tún wo orúnkún rẹ̀.

Oṣù díẹ̀ péré ni ìyàwó mi ti kú nígbà náà. Ìyá rẹ̀ gòkè wá láti Kétu ní ilẹ̀ Benin fún ìsìnkú, kò sì tíì padà. Ó ń se oúnjẹ, ó ń di irun ọmọ, ó ń wò mí. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo yìí ni ìyàwó mi bí fún mi. Bí wọ́n bá mú un lọ, èmi nìkan ni yóò kù nínú ilé náà pẹ̀lú àwọn nǹkan tí mo fẹ́ sọ nípa wọn yìí. Mo pẹ́ kí n tó lè kọ wọ́n sílẹ̀.

Ilé moto, ìyẹn alùpùpù, ni ilé wa, bí ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ouagadougou. Láti ìgbà tí mo ti gbé e níyàwó, ẹ̀yìn mi lórí moto ni ìjókòó rẹ̀. Ó máa ń gbé ẹrù lé ẹsẹ̀, kì í sì í ríran kọjá èjìká mi, nítorí náà mo máa ń sọ ọ̀nà fún un kí ó lè dì mí mú: òkìtì rèé, ihò rèé, ọ̀tún la ń yà. Nígbà tí ó kú, mo rò pé moto náà yóò fúyẹ́. Kò fúyẹ́. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ ní èmi nìkan, táyà ẹ̀yìn a máa rì sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ti máa ń rì tẹ́lẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń fẹ́ táyà ní Samandin. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní afẹ́fẹ́ rẹ̀ pé, kò sí ohun tó ṣe é.

Lẹ́yìn náà ni èmi àti ọmọ ṣubú, ní ọ̀nà eléruku tó wà lẹ́yìn ilé wa. Mo sọ fún ìyá ìyàwó mi pé iyanrìn ló fà á. Iyanrìn wà níbẹ̀ lóòótọ́.

Mo kọ́kọ́ lọ wo ọkọ̀ tuntun. Ṣọ́ọ̀bù onígíláàsì ni, inú rẹ̀ tutù bí inú fíríìjì, ọmọbìnrin tó ń tajà níbẹ̀ sì ń fi Faransé dídán bá mi sọ̀rọ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ ẹbí kan fún mi, èyí tí kò tóbi jù, tí kò sì kéré jù. Ọ̀rá ṣì wà lórí àwọn ìjókòó. Mo wọlé, ọ̀rá náà ké lábẹ́ mi, mo sì wo ìjókòó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kò sẹ́ni tó jókòó síbẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti ṣe é. N kò mọ ìdí tí èyí fi bà mí lẹ́rù. Mo dúpẹ́, mo gba ìwé tó ní àwòrán ọkọ̀ náà, mo sì jáde sínú oòrùn.

Ibi tí mo wá lọ ni pàákì àwọn ọkọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní France au revoir, ìyẹn àwọn ọkọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ àwọn aláwọ̀ funfun, tí wọ́n dágbére fún wọn, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀ ojú omi wá bá wa. Pàákì náà kò jìnnà sí Patte d'Oie. Nàgó láti Sakété ni ẹni tó ni ín, ọkùnrin tó sanra, tó sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gá tíṣà, ẹ wo èyí. Ìyá arúgbó kan ló ń wà á ní Faransé. Ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé nìkan ló ń fi í lọ."

"Funfun tó wà lọ́hùn-ún ńkọ́?"

"Ìyá arúgbó kan náà ni."

"Ìyá náà mà lọ́kọ̀ o."

"Olówó ni! Kí Ọlọ́run jẹ́ ká rí ogbó bíi tirẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn, ọ̀fun mi sì dùn mí.

Èyí tó fi hàn mí jẹ́ aláwọ̀ eérú. Ara rẹ̀ dán, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń dún jẹ́jẹ́, ibi ìkẹ́rù ẹ̀yìn rẹ̀ sì fẹ̀. Mo jókòó, mo ṣíná, mo sì fẹ́ yí i ká inú pàákì. Bí ọkọ̀ ṣe ṣí ẹsẹ̀ báyìí ni aago kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí ké níwájú mi: tín, tín, tín.

"Kí ló ń ké?"

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé. "Bẹ́líìtì ni. Ó ń sọ pé kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín de bẹ́líìtì rẹ̀."

Àwa méjèèjì wo ìjókòó náà. Kò sẹ́nìkankan níbẹ̀. Aṣọ rẹ̀ kàn tẹ̀ díẹ̀ láàárín, bí aṣọ ìjókòó àtijọ́ ṣe máa ń tẹ̀.

Ó tètè rẹ́rìn-ín. Ó ní nǹkan kan wà lábẹ́ aṣọ náà tó ń mọ̀ bí ènìyàn bá jókòó, pé ó ti gọ̀ ni, mẹkaníìkì òun yóò yọ ọ́ kúrò kí ọjọ́ tó rọ̀.

"Ẹ má yọ ọ́," ni mo wí.

Físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iléèwé. Mo mọ ohun tó ń mú kí irú aago bẹ́ẹ̀ ké, mo tilẹ̀ lè yà á sójú pátákó. Mo na ọwọ́, mo fa bẹ́líìtì náà kọjá orí ìjókòó tó ṣófo, mo sì dè é. Aago dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tó wọ inú ọkọ̀ náà kì í ṣe irú èyí tó máa ń wà níbi tí ènìyàn kan ṣoṣo wà. Mo jókòó sínú rẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọlọ́kọ̀ fi lọ dá oníbàárà mìíràn lóhùn, tó sì padà wá bá mi níbẹ̀.

"Ó wù yín," ni ó wí.

"Ó wù mí. Àmọ́ ìyá ìyàwó mi ni yóò sọ."

Ní ọjọ́ kejì mo mú ìyá náà àti ọmọ wá. Ọlọ́kọ̀ dọ̀bálẹ̀ débi tí ikùn rẹ̀ gbà á láàyè, ó sì ṣí ilẹ̀kùn iwájú.

"Ìyá, ẹ wọlé síwájú bí ìyàwó mínísítà."

"Kí n lọ jókòó ti àna mi? Ta ló kọ́ ọ nílé yín ní Sakété? Ẹ̀yìn ni tèmi."

"Ẹ má bínú, Ìyá. Kétu ló ni wá."

"Ẹ ò ní àǹfààní kankan fún wa," ni ìyá dáhùn, ó sì fa ọmọ mọ́ra wọ ẹ̀yìn.

Bí ó ṣe di pé ìjókòó ẹ̀gbẹ́ mi ṣófo nìyẹn. Ní kété tí a jáde kúrò ní pàákì, aago ké. Mo na ọwọ́, mo de bẹ́líìtì kí ọmọ tó béèrè. A wọ ojú títì. Ọkọ̀ náà ń lọ bí omi. Moto ń gba ọ̀tún, wọ́n ń gba òsì, èmi kò sì bẹ̀rù wọn. Ara mi balẹ̀ bí kò ti balẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú. A kọjá ìkóríta ńlá, a yà sí apá Cissin, a kọjá ilé epo kan.

"Dúró," ni ìyá ìyàwó mi wí.

Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. "Ṣé ẹ fẹ́ sọ̀kalẹ̀ ni, Ìyá?"

"Ta lò ń júwe ọ̀nà fún?"

"N kò sọ̀rọ̀, Ìyá."

"O sọ̀rọ̀. Ní ìkóríta, o ní, ọ̀tún la ń yà. Níwájú ilé epo, o ní, òkìtì rèé. Ta ni?"

Mo wo ọmọ nínú dígí. Kò yà á lẹ́nu.

"Mémé, Papá máa ń sọ ọ́ toujours, ní gbogbo ìgbà," ni ó wí. "Lórí moto náà."

"Ìwọ kọ́ ni ó ń sọ ọ́ fún?"

"Rárá. Tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ó máa ń pe orúkọ mi." Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀. "Lọ́jọ́ tá a ṣubú, mo ti dì í mú dáadáa. Ó wá na ọwọ́ kan sẹ́yìn, ó fi ń wá ẹni tó wà lẹ́yìn mi."

N kò rántí pé mo ṣe bẹ́ẹ̀. Títí di òní, n kò rántí. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í purọ́, bí ó sì ti ń sọ ọ́, ọwọ́ òsì mi mọ ohun tó ń sọ.

Ìyá yí ojú sí títì. Moto ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Nígbà tí a gbé òkú ìyàwó mi kúrò ní ọsibítù, òun ló jókòó tì í lẹ́yìn ọkọ̀ náà, tí ó ń sọ gbogbo ìkóríta fún un títí dé ilé, àti láti ilé dé itẹ́ òkú: a ti dé títì, òsì la ń yà, afárá rèé, a ó gùn ún. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní ìlú wọn fún ẹni tó kú sí ìdálẹ̀, kí ó má baà ṣáko. Èmi wà níwájú lọ́jọ́ náà, mo sì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ tí kò gbọ̀n rárá.

"Òkú là ń júwe ọ̀nà fún," ni ó wá sọ. "Alààyè lójú. A júwe ọ̀nà fún un kí ó lè dé. Tó bá ti dé, a ó dákẹ́. Mo mú ọmọ mi dé ibi tó ń lọ, ìwọ tún gbé e lé ẹ̀yìn moto, ò ń gbé e yí Ouaga ká. Ìwọ ni kò jẹ́ kí ó dé."

Ó fọwọ́ pa aṣọ ìjókòó tó wà níwájú rẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí dára. Mo rí i pé ó dára. Ta lò ń rà á fún?"

Ọmọ gbé orí sókè, ó ń wò mí nínú dígí. Mo fẹ́ sọ pé ọmọ ni. Ẹnu mi kò gbà á.

"Bí ó bá jẹ́ ti ẹni tó kú, rà á," ni ìyá wí. "Ọmọ yìí ò ní wọ̀ ọ́. Bí ó bá sì jẹ́ ti ọmọ, dá ọkọ̀ yìí padà síbi tí o ti mú un. Bí o bá bọ́ sílẹ̀, fi bẹ́líìtì yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà. Má dágbére. Má bojú wẹ̀yìn."

Mo yí ọkọ̀ padà. Ọ̀nà náà kò gùn, àmọ́ ní ìkóríta mo rí i pé ètè mi ti ń ṣí, mo sì fi eyín dì í mú. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí a dé ẹnu pàákì, aago bẹ̀rẹ̀ sí ké. Bẹ́líìtì wà ní dídè. Mo wò ó, ó wà ní dídè, aago sì ń ké, kò yára, kò sì fà sẹ́yìn. Ìyá na ọwọ́, ó bo etí ọmọ. Mo wọ pàákì, mo pa iná ọkọ̀, mo bọ́ sílẹ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn.

Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún náà, títí kan iyẹ̀pẹ̀ tí mo bù sí sàréè, kò sí èyí tó le tó ìrìn kékeré yẹn láti ibi ọkọ̀ náà dé ibi tí ọlọ́kọ̀ dúró sí. Mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀, láìsọ fún un pé a ò ní padà wá.

"Ó dùn ún wà, àbí?" ni ọlọ́kọ̀ wí.

"Funfun ni mo fẹ́."

Ó wo ojú mi, ó wo ojú ìyá, kò sì dápàárá mọ́. Ọkọ̀ funfun náà kò lẹ́wà. Fèrèsé rẹ̀ kan ń lọ́ra, inú rẹ̀ sì há. Mo ní kí wọ́n gbé e sókè, mo wo abẹ́ rẹ̀ bóyá ó dípẹtà, mo fa ọ̀pá òróró ẹ́ńjìnnì wò, mo wà á yí pàákì ká. Ọmọ jókòó lẹ́yìn, ó fò sókè sódò lórí ìjókòó, ó ṣí fèrèsé tó ń lọ́ra, ó tún un tì, ó ní ó dára. Mo sọ pé mo gbà. "Barka," ni ọlọ́kọ̀ wí, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń dúpẹ́ ní ìlú yìí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bọ̀ mí lọ́wọ́, bí ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀.

Kò sí ohun tó ń ké nínú ọkọ̀ funfun. Mo máa ń dúró díẹ̀ ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí mo bá ṣíná, kí n tó gbéra. N kò lè sọ pé inú mi ń dùn sí ohun tí n kò gbọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú kí iléèwé tó wọlé, ìyá ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀. Báàgì kan ṣoṣo ni. Aṣọ ọmọ wà lórí okùn nínú àgbàlá, kò fọwọ́ kàn án. Mo gbé e lọ síbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbéra. Ó fa ọmọ mọ́ra, ó wo ọkọ̀ mi láti orí dé ìdí, ó sì wò mí.

"Mo fi í sílẹ̀ fún ọ," ni ó wí. "Ẹ máa lọ sílé."

Nígbà tí bọ́ọ̀sì ti lọ, ọmọ bi mí bóyá Mémé bínú ni. Mo ní rárá. Ó ní kí ló dé nígbà náà tí kò fi mú òun lọ. Mo ní nítorí pé ọ̀dọ̀ mi ni ilé rẹ̀ wà. Ó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀, ó rò ó wò. Lẹ́yìn náà ó ní ebi ń pa òun, kí a lọ ra ẹ̀wà àti ìrẹsì lẹ́bàá ọ̀nà, a sì lọ rà á.