Kọ́kọ́rọ́ Kẹta Àpótí Ìdìbò

Mo rántí ìgbà tí mo gbé àpótí irin lé itan láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọ̀dà ara rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa, tó ń rùn sí gbogbo èrò ọkọ̀ nímú. Bọ́ọ̀sì kékeré la wọ̀. Dírẹ́bà ní kí n jẹ́ kí wọ́n so ó mọ́ orí ọkọ̀, mo ní rárá. Ó ní kí n gbé e sí búùtù, mo ní rárá. Obìnrin tó jókòó tì mí, tí igun àpótí náà ń gún lẹ́gbẹ̀ẹ́, wò mí títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú ẹ̀ gan-an?"

"Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀."

"Òfo lẹ wá ń gbá mọ́ra tó báyìí?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Lójú tèmi nígbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ti béèrè ohun tó wà lọ́wọ́ mi, ó ní ohun tó ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà rò pé èèyàn yẹpẹrẹ ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Wẹ́dà ni mí ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Géètì yòówù tí ẹ bá rí ládùúgbò wa tó ní ẹyẹ méjì tó kọjú síra wọn, ọwọ́ mi ló ti jáde, ẹni tó bá sì ní òun ló ṣe é, irọ́ ló ń pa. Kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ti fi ìwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá wo ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀kan, mo ti mọ iye irin tí yóò gbà, láìfi téèpù wọ̀n ọ́n. Àwọn tó kàwé gboyè ń bẹ tí wọn ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti bá wọn ṣiṣẹ́, mo mọ̀ wọ́n.

Lákòókò tí mò ń sọ yìí, àwa ọ̀dọ́ Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́ àti abúlé Ìrẹsà ní ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní Páálímẹ́ńtì Ọ̀dọ́. Ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínlógójì kò lè sí níbẹ̀ mọ́, ó sì ku oṣù díẹ̀ kí n pé iye yẹn, nítorí náà ọdún yẹn ni àǹfààní ìkẹyìn tí mo ní. Sípíkà ni olórí ẹgbẹ́ náà. Òun ló máa ń lọ bá alága kánsù sọ̀rọ̀ lórúkọ gbogbo wa. Láti ìgbà tí ẹgbẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì nìkan ló ń jẹ ẹ́. Kánsù ń lé àwa oníṣẹ́ ọwọ́ kúrò létí títì, Sípíkà á kọ lẹ́tà gẹ̀ẹ́sì, á padà sílé, a ó sì tún máa kó irin wa káàkiri. Mo wá ní ó yẹ kí ẹni tí irin ti jó lọ́wọ́ rí jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀rọ̀ náà wọ àwọn èèyàn létí. Ó wọ èmi náà létí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí nígbà tí ìdìbò ṣì ku oṣù kan, mo ti rán kóòtù, mo sì ti ní kí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù wa máa pè mí ní Sípíkà. Ẹni tó bá pè mí ní Wẹ́dà, mi ò ní dáhùn.

Ẹni tó ń bá mi du ipò náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ju ọmọ náà lọ dáadáa. Ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó sì máa ń dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi níbikíbi tó bá ti rí mi, èyí ló tún jẹ́ kí n fura sí i. Ìyá rẹ̀ ló ni ilé ńlá kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ń gbé, òun ló sì ni ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù gígùn kan létí títì.

Nínú ọ̀kan lára àwọn ṣọ́ọ̀bù náà ni ọ̀rẹ́ mi ti ń tún fóònù ṣe. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, èèyàn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tó máa ń fi ìdajì ojú wo nǹkan nítorí gíláàsì tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá tó ń lẹ̀ mọ́ ojú kan ṣiṣẹ́. Èmi ni mo jó irin sí fèrèsé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ibẹ̀ la ti di ọ̀rẹ́. Òun ló ń bá mi wá èèyàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí lójú tiwọn níbẹ̀, àwa ará Ọ̀yọ́ ti ń ṣe ọ̀gá lé wọn lórí jù.

Ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a dìbò, mo gbéra lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ láìsọ fún un. Mi ò kúkú lọ kí i. Mo lọ ṣọ́ ọ ni. Mo rí i tó ń jáde láti inú ilé ìyá onílé yẹn, ọmọ tó ń bá mi du ipò ló ń sìn ín jáde, ọwọ́ ọmọ náà wà léjìká rẹ̀, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Mo lọ lúgọ sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n páàkì, mo fa fóònù yọ, mo pè é. Mo ń wò ó bó ṣe ń gbé e.

"Ibo lo wà?"

"Ẹnu iṣẹ́ ẹ ni mo wà o, Sípíkà!"

Mo pa fóònù. Mo ní irọ́ nìyẹn. Mi ò sọ fún un pé mo rí i. Mo padà sí Ọ̀yọ́, mi ò jẹun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gé irin. Ike ọ̀dà tí wọ́n lu ihò sí lórí la fi ń dìbò tẹ́lẹ̀, mo sì ti rí i lọ́kàn mi bí wọn yóò ṣe ṣí ike yẹn ní kọ̀rọ̀, tí wọn yóò kó ìwé mi jáde. Bí mo ṣe jó àpótí náà nìyẹn, tí mo kùn ún ní àwọ̀ ewé, tí mo fi àgádágodo ńlá kan sí i. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta ló bá àgádágodo náà wá.

Nínú gbọ̀ngàn kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ la ti pàdé. Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì, obìnrin tó le bí irin, ló wá darí ìdìbò. Ìyá onílé jókòó sí iwájú pátápátá, wọ́n ní òun ni Ìyá Ẹgbẹ́, ó gbé báàgì rẹ̀ lé itan. Bí mo ṣe gbé àpótí lé orí tábìlì, ó dún gbì. Inú mi dùn sí ìró rẹ̀. Mo fún olùkọ́ ní kọ́kọ́rọ́ kan, mo fún ọmọ yunifásítì ní ìkejì, mo wá gbóhùn sókè pé méjèèjì tó bá a wá nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé ọwọ́ Ọ̀yọ́ wà nínú ẹ̀.

Ìkẹta wà nínú àpò àyà kóòtù mi. Ẹ ó béèrè pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, mi ò fẹ́ fi jí ìbò. Èrò mi ni pé bí wọ́n bá lè ṣí i lẹ́yìn mi, kí èmi náà lè ṣí i lẹ́yìn wọn.

Ọmọ náà yí kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Èmi ni mo máa ń lọ ra àgádágodo gbogbo ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Mi ò tíì rí irú èyí kó bá kọ́kọ́rọ́ méjì wá rí. Mẹ́ta ni."

Gbọ̀ngàn gba ariwo. "Hẹ̀n-ẹ́n!" "Ìkẹta dà?" "Ẹ bá wa tú kóòtù yẹn wò jàre!"

"Ṣé olè lo pè mí ni?"

"Háà, ẹ̀gbọ́n, ta ló dárúkọ olè?"

Mo gbé ọwọ́ lé àyà bí ẹni tó fẹ́ búra, kọ́kọ́rọ́ náà sì gún mi ní àtẹ́lẹwọ́ láti inú aṣọ. Kí wọ́n tó lè sún mọ́ mi, mo pariwo pé, "Ó dáa! Ẹ gbé àpótí jù nù! Ká tò! Kí oníkálùkù lọ tò sẹ́yìn ẹni tó fẹ́, kí gbogbo ayé rí i!"

Ọ̀rẹ́ mi fò dìde. "Rárá, mà, ẹ jọ̀ọ́. Páálí bísíkíìtì kan wà lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ ká gé e lórí ká fi dìbò." Ó wá di apá kóòtù mi mú, ó rọra ní, "Má ṣe bẹ́ẹ̀. Gbà mí gbọ́ lẹ́ẹ̀kan yìí péré."

Mo já apá mi gbà. "Mo rí ẹ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ àti ẹ̀, lẹ́nu géètì. Ẹnu iṣẹ́ mi lo wà, àbí?"

Ó la ẹnu. Ó wo iwájú níbi tí ìyá onílé jókòó sí. Ó pa ẹnu dé. Mo ní ẹ̀rí ti pé. Bí kò bá jẹ̀bi, kí ló dé tí kò lè sọ̀rọ̀?

Olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ àwa méjèèjì bóyá a fara mọ́ títò. Èmi ni mo kọ́kọ́ dáhùn. Mo lọ dúró ti ògiri ọ̀tún, ọmọ náà lọ dúró ti ògiri òsì. Àwọn ará Ọ̀yọ́ wá sẹ́yìn mi. Àwọn àgbẹ̀ Ìrẹsà pín sí méjì. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dọ́ Ògbómọ̀ṣọ́ dìde. Mo rí i tí wọ́n wò mí, tí wọ́n sì wo ìyá onílé. Obìnrin náà ti bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi etí ìborùn nù ún, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò kánjú. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń lọ sí ògiri òsì, tí wọ́n ń wolẹ̀. Ó wá ku ọ̀rẹ́ mi nìkan láàárín gbọ̀ngàn. Ìyá onílé gbé gíláàsì rẹ̀ wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi rìn wá, ó dúró sẹ́yìn mi gangan. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ lọ́rùn mi.

Olùkọ́ ń fọwọ́ kan wọn léjìká bó ṣe ń kà wọ́n. Mẹ́tàdínlógún ló wà lẹ́yìn mi. Méjìlélógún wà lẹ́yìn ọmọ náà.

Ibi ẹ̀rọ omi tó wà níta gbọ̀ngàn ni mo ti ń bọjú nígbà tí onídìrí kan, ọmọbìnrin tó tò sí òsì, wá bá mi. Ó kọ́kọ́ wẹ̀yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìnira o. Àwa mẹ́sàn-án ni."

"Mẹ́sàn-án kí ni?"

"Mẹ́sàn-án tí ọ̀rẹ́ yín bá sọ̀rọ̀. Ilé màmá là ń gbé, ìyẹn ló ṣe ń wọlé wá bá wa. Bó bá pàdé ọmọ màmá, á bá a ṣẹ̀fẹ̀ kó má baà fura. Nínú páálí, tiyín là bá dì, gbogbo wa. Ṣùgbọ́n níṣojú màmá, ẹ̀gbọ́n? Ibo la fẹ́ sùn? Ẹ̀yin náà lẹ ní ká tò."

Mi ò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Mo ṣe é níbẹ̀, omi ń kán ní irùngbọ̀n mi. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n sí mẹ́tàlá.

Ẹ ó rò pé mo sáré lọ tọrọ àforíjì. Mi ò lọ. Mo gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì padà, mo gbé àpótí mi, mo padà sí Ọ̀yọ́, mo sì ń sọ kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù pé wọ́n ṣe màgòmágó ni. Ẹlòmíràn ló wá sọ fún mi pé ìyá onílé ti ní òun fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ mi ṣe nǹkan mìíràn, pé ọ̀rẹ́ mi ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú báàgì, ó ń tún fóònù ṣe lábẹ́ agboòrùn. Nígbà yẹn ni mo wọ inú ṣọ́ọ̀bù mi, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin, mi ò sì gba iṣẹ́ ẹlòmíràn títí mo fi parí. Ṣọ́ọ̀bù onírin kékeré ni mo ṣe, ó ní fèrèsé, ó ní tábìlì, ó ní ẹyẹ méjì lára ilẹ̀kùn. Kò sí wẹ́dà kan láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ tó lè ṣe irú rẹ̀, ẹ lọ wò ó. Àgádágodo tó wà lára àpótí ìdìbò ni mo fi sí i.

Nígbà tí a gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, mo kó kọ́kọ́rọ́ lé ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́. Ó tẹ́ ọwọ́, ó ń kà á sókè, "Ọ̀kan. Méjì." Ó wá wò mí. "Háà, Wẹ́dà! Mẹ́ta mà ni lóòótọ́!" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ilẹ̀kùn. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ojú ń tì mí. Lẹ́yìn náà ó mú ọ̀kan nínú wọn, ó sọ ọ́ sínú àpò àyà mi. Ó ní, "Mú un dání. Bí tèmi bá sọ nù ńkọ́?"

Ó ti pẹ́ díẹ̀ báyìí. Mo ti lé ní ogójì ọdún, irùngbọ̀n mi ti ń funfun. Ọmọ yẹn ṣe Sípíkà, kò ṣe é burú, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ì bá ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò tíì yé fura sí èèyàn. Ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí mi, mo ṣì máa ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bó bá ń lọ. Ṣùgbọ́n nírọ̀lẹ́, tí mo bá ń ti ṣọ́ọ̀bù, tí mo ń wá kọ́kọ́rọ́ tèmi láàárín àwọn yòókù, ọwọ́ mi máa ń kan ọ̀kan tí kì í ṣe ti ilẹ̀kùn mi kankan. Mi ò tíì lò ó rí. Ọ̀rẹ́ mi náà kò sì tíì béèrè ibi tí mo fi í sí.