Ohun Tí Mo Sọ fún Oníbàárà Ẹja Wa

Láàárín àwọn ọdún 1990, nígbà tí wọ́n dá ọkọ mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó gbẹ́ adágún ẹja sí ẹ̀gbẹ́ odò kékeré kan lọ́nà Ẹdúnàbọ̀n, ó sì kó ọmọ ẹja àrọ̀ sínú rẹ̀. Gbogbo ìrètí ilé wa nínú omi yẹn ló wà. Kò sí àárọ̀ tí kì í lọ wò wọ́n kó tó fẹnu kan nǹkan.

Ṣùgbọ́n ẹja odò làwọn ará Ifẹ̀ fẹ́ràn nígbà náà. Wọ́n ní ẹja téèyàn ń sìn kì í dùn. Obìnrin kan ṣoṣo tó ń se ọbẹ̀ ẹja fún àwọn onímọ́tò ló gbà láti kó gbogbo rẹ̀. Ó ní ká fa omi náà gbẹ kóun tó dé, kóun lè rí ohun tóun ń rà. A fà á gbẹ, a kó àwọn ẹja sínú báàfù. Inú ẹ̀ẹ̀rùn la sì wà, odò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán, kò sí omi míì tí a lè dà sínú adágún.

Nígbà tó dé, inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ẹja kan sókè nínú báàfù, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó, kí lẹ ń fún wọn jẹ tí wọ́n fi tóbi tó báyìí?”

Èmi alákọ̀wé! Mo ti ka ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fún ọkọ mi níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ ẹja, ẹnu sì ń yún mi. Mo ṣàlàyé fún un pé ìgbẹ́ adìẹ la ń dà sómi, òun ló ń mú kí oúnjẹ ẹja pọ̀ níbẹ̀. Mo tilẹ̀ fi àpò rẹ̀ hàn án.

Ó rọra dá ẹja náà padà. Ó fọ ọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ń bọ̀. Ọkọ mi tẹ̀ lé e dé ìdí mọ́tò, ó ń bẹ̀ ẹ́. Mi ò rí i kó bẹ èèyàn bẹ́ẹ̀ rí. Èmi dúró ti àwọn báàfù.

Kò padà wá mọ́. Kí ẹja náà má bàa bàjẹ́, a yan gbogbo rẹ̀. Kó tó di ọjọ́ kejì, ọ̀rọ̀ ti dé àdúgbò Òkèrèwè nínú Ifẹ̀. Gbogbo ẹni tí mo gbé e lọ bá ló ń bi mí bóyá ti ìgbẹ́ adìẹ yẹn ni.

Ọkọ mi kò bá mi jà. Ohun tó sọ ò ju, “Òótọ́ lo sáà sọ,” ó sì dùn mí ju kó nà mí lọ. Lọ́jọ́ Sunday, mo fi díẹ̀ nínú rẹ̀ se ọbẹ̀. Àwọn ọmọ jẹ ẹ̀bà, wọ́n fi ẹja sílẹ̀. Ọkọ mi gbójú sókè, ó ń wo ẹnu mi. Mo mọ̀ pé kò sí nǹkan kan tó ṣe ẹja náà. Mo fi sẹ́nu. Mo jẹ ẹ́ lẹ́nu títí, mi ò rí i gbé mì.